Ẹ Bi Bàbá Rélùwéè Léèrè: "Mo Fẹ́ Háyà Ọkọ̀ Eléèéfín fún Ọgọ́rin Ọdún Bàbá Mi"

Lẹ́tà mẹ́ta ni mo mú nínú àwọn tó wọlé lóṣù yìí. Èyí àkọ́kọ́ ni mo fi àyè gbà jù, nítorí ó kàn mí gbọ̀ngbọ̀n. Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ka ojú ìwé yìí: fítà ni mí ní ilé iṣẹ́ rélùwéè Èbúté-Mẹ́ta, ọdún 1971 ni mo wọlé síbẹ̀. Láti ìgbà tí àwọn ọmọ mi ti mú mi wá sí Ìlú Ọba, mo ń yọ̀ǹda ara mi ní ojú irin àtijọ́ kan ní ìhà àríwá. Bọ́ílà, ìkòkò omi ńlá inú ẹ́ńjìnì eléèéfín, la ń tún ṣe níbẹ̀.

*Ẹ kú iṣẹ́, Bàbá. Oṣù Kẹsàn-án tó ń bọ̀ ni bàbá wa yóò pé ọgọ́rin ọdún. Rélùwéè ni wọ́n fi gbogbo ayé wọn ṣe. Gáàdì ni wọ́n ní Ìbàdàn títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì. Ọ̀dọ̀ wa ní London ni wọ́n wà báyìí. Àwa ọmọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fẹ́ háyà odidi ọkọ̀ ojú irin àtijọ́, ẹ́ńjìnì eléèéfín pẹ̀lú kóòṣì onígi, fún ọgọ́fà àlejò. Àbúrò mi ọkùnrin ní Flying Scotsman ni ká lọ gbà. A ti rí alásè, a ti rí onílù, a ti yan aṣọ ẹbí. Ṣé ó ṣeé ṣe? Kí ni ká bi iléeṣẹ́ tó ń fi ọkọ̀ háyà kí a tó sanwó sílẹ̀?*
*— Àkọ́bí, Peckham*

Àkọ́bí, ọmọ mi, ó ṣeé ṣe. Ire tí ẹ fẹ́ ṣe fún bàbá yín á bá yín dalẹ́.

Jẹ́ ká kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ àbúrò rẹ. Doncaster ni wọ́n ti kọ́ Flying Scotsman, lọ́dún 1923. Òun ni ẹ́ńjìnì eléèéfín àkọ́kọ́ tí wọ́n ní ẹ̀rí lọ́wọ́ pé ó sá ọgọ́rùn-ún máìlì ní wákàtí kan, lọ́dún 1934. National Railway Museum ló ni ín láti 2004. Àtúnṣe tí wọ́n ṣe fún un, èyí tó jẹ́ kó padà sẹ́nu iṣẹ́ ní 2016, jẹ mílíọ̀nù 4.2 pọ́n-ùn. Tipẹ́tipẹ́ ni wọ́n ti ń to ètò ìrìn rẹ̀ sílẹ̀. Ìdílé kan ò lè pè é wá ṣe ọjọ́ ìbí, kí àbúrò rẹ fi ìyẹn sílẹ̀. Bàbá yín ò sì ní wo orúkọ tó wà lára ẹ́ńjìnì. Gáàdì ni wọ́n, ẹni tó ń mójú tó ọkọ̀ láti ẹ̀yìn. Kóòṣì ni wọ́n máa kọ́kọ́ wò, láti ẹ̀yìn wá síwájú.

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn wa ò mọ̀ ni pé a kì í háyà ọkọ̀ ojú irin bí ẹni háyà bọ́ọ̀sì. Ó jọ ìnáwó tiwa nílé: ọ̀dọ̀ ẹnì kan la ti ń gba kánópì, ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn la ti ń gba àga, ọ̀tọ̀ lẹni tó ni jẹnẹrétọ̀. Ẹnì kan lè ni ẹ́ńjìnì, kí ẹlòmíràn ni kóòṣì, kí ẹni kẹta sì jẹ́ iléeṣẹ́ tó gba ìwé ẹ̀rí ààbò tí wọ́n fi ń gbé èrò. Iléeṣẹ́ bíi West Coast Railways ní Carnforth àti Locomotive Services ní Crewe ní ẹ́ńjìnì àti kóòṣì tiwọn, wọ́n sì ní àṣẹ láti wà wọ́n lórí ojú irin ńlá tí ọkọ̀ gbogbo ayé ń gbà. Ṣùgbọ́n Network Rail, àjọ tó ni ojú irin ńlá yìí, gbọ́dọ̀ wá àyè fún irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ láàárín ọkọ̀ tó kù, owó rẹ̀ sì máa ń wọ ẹgbẹẹgbàárùn-ún pọ́n-ùn. Fún ọgọ́fà èèyàn, n ò ní gbà yín níyànjú láti gba ọ̀nà yẹn.

Ọ̀dọ̀ àwọn ojú irin àtijọ́ fúnra wọn ni kí ẹ lọ. Ọ̀nà kéékèèké tí ìjọba ti pa tì ni wọ́n, tí àwọn tó fẹ́ràn rélùwéè gbà padà, tí wọ́n tún un ṣe, tí wọ́n sì ń fi gbogbo ọkọ̀ wọn háyà fún ìgbéyàwó, ọjọ́ ìbí, àti fún àwọn tó ń ya fíìmù. Máìlì 25 ní wákàtí kan lọkọ̀ wọn kì í kọjá. Ẹni ọgọ́rin ọdún ò sì níbi tó ń kánjú lọ. Nítorí Peckham lẹ wà, Bluebell Railway ní Sussex ni kí o kọ́kọ́ pè. Ọdún 1960 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀. Ojú irin wọn gùn tó máìlì 11, láti Sheffield Park dé East Grinstead, ibẹ̀ náà sì ni ọkọ̀ London ń parí ìrìn sí. Àlejò yín á wọ ọkọ̀ ní Victoria, wọ́n á sọ̀ kalẹ̀, wọ́n á fẹsẹ̀ rìn díẹ̀, wọ́n á bá ẹ́ńjìnì tó ń mí hìì-hìì níbẹ̀. Kí àwọn èèyàn yẹn tó lè gbé irin dé East Grinstead ní 2013, wọ́n ní láti kọ́kọ́ wú pàǹtírí tí wọ́n ti dà kún ibi tí ojú irin máa gbà kọjá. Mo máa ń rántí pàǹtírí yẹn nígbàkígbà tí ẹnì kan bá sọ fún mi pé owó háyà ti pọ̀ jù.

Ó dáa, kóòṣì. Èyí tí ẹ máa rí níbi púpọ̀ ni Mark 1, tí British Railways bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ní 1951. Irin ni ara rẹ̀, kì í ṣe igi. Inú lọ́hùn-ún ni pákó dídán wà. Ó gùn tó mítà 20, ó sì wúwo ju tọ́ọ̀nù 30 lọ. Èyí tí àga rẹ̀ há ń gba èrò 64, èyí tí àga rẹ̀ fẹ̀ dáadáa fún jíjẹun ń gba 42. Fún ọgọ́fà àlejò tó máa jẹun, kóòṣì jíjẹun mẹ́ta, ọ̀kan fún ilé ìdáná, ọ̀kan tí yàrá gáàdì wà nínú rẹ̀: ó di márùn-ún. Bi wọ́n bóyá ẹ̀gbẹ́ téṣàn tí ẹ ti máa wọkọ̀ gùn tó kóòṣì márùn-ún, kí àwọn ìyá àgbà má baà máa rìn láti inú kóòṣì kan bọ́ sí òmíràn kí wọ́n tó rí ilẹ̀kùn tó kọjú sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ alásè yín le díẹ̀. Iná inú Mark 1, fóòtì (volt) 24 péré ni. Dáyínámò tó wà lábẹ́ kóòṣì àti bátìrì ló ń mú un wá, gílóòbù sì ni wọ́n ṣe é fún. Àfi tí wọ́n bá ti tún un ṣe, kò síbi tí ẹ máa ki ìkòkò oníná tàbí ẹ̀rọ orin bọ̀. Gáàsì ni wọ́n fi ń dáná nínú kóòṣì ìdáná, ọ̀pọ̀ wọn kì í sì í jẹ́ kí àjèjì fọwọ́ kàn án. Bẹ̀ wọ́n kí wọ́n jẹ́ kí alásè yín se jọ̀lọ́ọ̀fù àti mọ́ínmọ́ín wá láti ilé nínú kúlà tó ń pa ooru mọ́, kí àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀ máa pín in. Bí wọ́n bá gbà, kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn. Ewédú àti gbẹ̀gìrì, ẹ jẹ́ kó dúró délé. Kóòṣì ń mì, aṣọ ẹbí sì wọ́n.

Gángan kan àti ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ kan ti tó fún onílù. Àárín àga tóóró ni. Ẹni méjì tó sanra ò lè pàdé níbẹ̀ kí wọ́n máà yà fún ara wọn. Ẹ gbé ijó àti owó níná sí téṣàn tí ọkọ̀ bá ti máa dúró pẹ́.

Èyí tí mo fẹ́ kó o fara balẹ̀ gbọ́ rèé. Lọ́dún mélòó kan sẹ́yìn, nínú oṣù Kọkànlá, ọmọ ọ̀rẹ́ mi ṣègbéyàwó nínú ọkọ̀ ojú irin. Ọwọ́ iléeṣẹ́ kan ni wọ́n ti gba kóòṣì mẹ́ta, ọwọ́ iléeṣẹ́ mìíràn ni wọ́n ti gba ẹ́ńjìnì. Ooru omi gbígbóná láti ara ẹ́ńjìnì ló ń mú inú kóòṣì wọ̀nyẹn móoru, páìpù ló ń gbé e gba abẹ́ wọn kọjá. Ẹ́ńjìnì dísù (diesel) ni wọ́n wá so mọ́ ọn, iná mànàmáná nìkan ló sì lè fi ránṣẹ́ sẹ́yìn. Ìyàtọ̀ ọ̀hún ò hàn sí ẹnikẹ́ni títí ọkọ̀ fi gbéra. Wákàtí méjì ààbọ̀ la fi jókòó nínú léèsì àti gèlè, tí èémí wa ń rú bí èéfín. Mo bọ́ kóòtù mi fún ìyá ọkọ ìyàwó, ẹni ọdún 76, ọwọ́ mama sì ń gbọ̀n síbẹ̀. Mo wà níbẹ̀, mo mọ iṣẹ́ yìí, n ò sì béèrè, nítorí mo rò pé wọ́n ti bá ara wọn sọ ọ́. Ó ṣì ń dùn mí títí di òní.

Nítorí náà, béèrè pé: kí ló ń mú kóòṣì móoru, ṣé ẹ́ńjìnì tí ẹ máa mú wá sì lè pèsè rẹ̀? Oṣù Kẹsàn-án lè tutù lálẹ́. Bíréèkì náà rí bẹ́ẹ̀. Ti fákíúmù wà, tí wọ́n ń fa afẹ́fẹ́ jáde nínú páìpù rẹ̀, ti afẹ́fẹ́ tí wọ́n fún pọ̀ wà, ẹ́ńjìnì àti kóòṣì gbọ́dọ̀ gbọ́ èdè ara wọn. Tó bá jẹ́ ibì kan náà lẹ ti gba méjèèjì, wọ́n á ti yanjú rẹ̀. Tó bá jẹ́ ibi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kí ẹnì kan ṣoṣo fọwọ́ sí i pé òun ló máa dáhùn fún gbogbo ẹ̀.

Wàyí o, owó. Ọkọ̀ tí ẹ máa wọ̀ ní aago mọ́kànlá àárọ̀ Sátidé, ọwọ́ èèyàn lè ti wà lára ẹ́ńjìnì rẹ̀ láti ọ̀sán Jímọ̀. Wọ́n á dá iná kékeré sí i, wọ́n á jẹ́ kó móoru díẹ̀díẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnì Gẹ̀ẹ́sì, bàbà ni àpótí iná, irin ni èyí tó yí i ká. Bàbà àti irin kì í wú bákan náà tí wọ́n bá gbóná. Tí o bá kánjú, ojú ìsopọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í jò, o ti ba iṣẹ́ oṣù mẹ́fà jẹ́ nìyẹn. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ẹnì kan á ti ra bọ́ abẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú agolo epo, á máa ta á sí gbogbo ibi tí irin ti ń ra irin. Ẹlòmíràn á máa kó eérú àná. Lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, wọ́n á gbé bọ́ílà sọ̀ kalẹ̀, wọ́n á tú u palẹ̀, wọ́n á pààrọ̀ páìpù inú rẹ̀, olùyẹ̀wò á wá wò ó fínnífínní kí wọ́n tó tún gbà kó gbé èèyàn. Iṣẹ́ ọdún mẹ́wàá yẹn ló wà nínú owó tí wọ́n bá pè fún yín. Èédú náà ti wọ́n. Nígbà tí wọ́n ti pa Ffos-y-fran, ibi ìwa-èédú tó wà nítòsí Merthyr Tydfil ní Wales, ní ìparí oṣù Kọkànlá 2023, òkè òkun ni wọ́n ti ń kó o wá.

Má bá wọn ná an bí ẹni ná ata. Mo ti rí ẹ́ńjìnì tó dára tí wọ́n gé sí wẹ́wẹ́, tí wọ́n tà á ní ìwọ̀n tọ́ọ̀nù bí àlòkù irin, nítorí kò sẹ́ni tó fẹ́ san owó ìtọ́jú rẹ̀. Ọwọ́ mi wà lára ọ̀kan nínú wọn rí, mo mọ ohùn fèrè rẹ̀ láàárín fèrè ogún. Àwọn tó ń sanwó háyà ni kò jẹ́ kí tàwọn ará ibí gba ọ̀nà yẹn lọ.

Wá gbólóhùn kan nínú ìwé àdéhùn: pé wọ́n lè fi dísù rọ́pò eléèéfín. Ó máa ń wà níbẹ̀, ó sì nídìí. Lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn tí koríko bá gbẹ, ẹ̀ta iná láti ẹnu ẹ́ńjìnì lè jó oko olóko. Béèrè bóyá wọ́n á dá díẹ̀ padà nínú owó tó bá ṣẹlẹ̀, tàbí kí wọ́n sún ọjọ́ síwájú. Tètè sọ fún bàbá yín náà, kí wọ́n má lọ dé téṣàn kí wọ́n máà rí èéfín.

Ilẹ̀kùn Mark 1, ọwọ́ la fi ń ṣí i, ọwọ́ la fi ń tì í gbàgà. Lórí ojú irin ńlá, òfin béèrè pé kí kọ́kọ́rọ́ kan wà tí òṣìṣẹ́ lè fi ti gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀rọ̀ yìí ló gbé West Coast Railways àti ORR, àjọ tó ń mójú tó ààbò rélùwéè, dé ilé ẹjọ́ gíga, àjọ ló sì jàre ní oṣù Kejìlá 2023. Ní ojú irin kékeré, òṣìṣẹ́ ló ń rìn láti ilẹ̀kùn dé ilẹ̀kùn. Ẹ yan ọ̀dọ́ kan sí kóòṣì kọ̀ọ̀kan kó máa ṣọ́ àwọn ọmọdé, kí ẹnikẹ́ni má yọrí lójú fèrèsé. Fún fọ́tò ńkọ́? Rárá. Èèyàn kú báyẹn nítòsí Balham ní 2016, òmíràn tún kú nítòsí Bath ní 2018, orí tí wọ́n yọ síta ló lu ohun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin.

Ó ku bàbá yín. Púpọ̀ nínú àwọn ojú irin yìí máa ń fẹ́ gbé ọlọ́jọ́ ìbí gun ẹ́ńjìnì. Ibẹ̀ ga, àtẹ̀gùn rẹ̀ dúró gbọnrangandan, kò sì yẹ orúnkún ẹni ọgọ́rin ọdún. Kọ lẹ́tà sí wọn ṣáájú, sọ fún wọn pé gáàdì Ìbàdàn ni wọ́n. Béèrè pé kí gáàdì ọjọ́ náà gbà wọ́n sínú yàrá rẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ bá ṣì dúró, kí wọ́n jọ wo ọwọ́ bíréèkì, kí wọ́n jọ wo aago, kí bàbá di àsíá ewé mú díẹ̀ kí wọ́n tó dá a padà fún ẹni tó ni iṣẹ́. Onírélùwéè ò ní ṣe èyí fún onírélùwéè ẹgbẹ́ ẹ̀ kó gbowó lé e.

*Bàbá, ẹ kú ojúlówó ọ̀rọ̀. Èmi àti ìyàwó mi fẹ́ gbé kóòṣì àtijọ́ kan ṣoṣo wá sí pápá lẹ́yìn hótẹ́ẹ̀lì tí a ti máa ṣe ìgbéyàwó, kí àwọn èèyàn lè ya fọ́tò. Iléeṣẹ́ kan ní àwọn lè gbé e wá. Ṣé ó bọ́gbọ́n mu?*
*— Ọkọ Ìyàwó, Manchester*

Ọmọ mi, wọ́n lè gbé e wá lóòótọ́, ojú títì ni wọ́n máa ń gba kó ẹ́ńjìnì àti kóòṣì láti ibì kan lọ síbòmíràn. Ṣùgbọ́n wo ohun tó ń béèrè: tírélà gígùn fún ohun tó ju tọ́ọ̀nù 30 lọ, kírénì níbẹ̀, irin tí wọ́n máa tẹ́ sí pápá náà, ilẹ̀ tí kò ní rì tí òjò bá rọ̀ lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú. Òjò Manchester náà kọ́! Ọkọ̀ kan ṣoṣo tó gbé ẹ̀yin méjèèjì àti ayàwòrán lọ bá kóòṣì níbi tó wà jẹ́ owó kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyẹn. East Lancashire Railway ní Bury kò jìnnà sí yín. Ẹ bi wọ́n ní iye wákàtí kan nínú ọkọ̀ tó dúró.

*Àbúrò, mo kí yín. Ẹni ọdún 78 ni mí, Lafenwa ni mo dàgbà sí. Àwa ẹgbẹ́ àgbà kan fẹ́ dá iléeṣẹ́ sílẹ̀ tí yóò máa fi ọkọ̀ eléèéfín háyà fún àwọn tó ń ṣèbẹ̀wò, láti Èkó dé Abẹ́òkúta. Ṣé a lè ra ẹ́ńjìnì kan àti kóòṣì mẹ́ta ní Ìlú Ọba?*
*— Ọmọ Lafenwa, Abẹ́òkúta*

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú ìfẹ́ ìlú. Ẹ má rà á. Ẹsẹ̀ ọkọ̀ Ìlú Ọba fẹ̀ tó mìlímítà 1,435. Ojú irin tó gba Lafenwa kọjá, tí wọ́n ṣí dé Ìbàdàn ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹta 1901, mìlímítà 1,067 ni. Ẹ́ńjìnì náà ò ní wọ̀ ọ́ láéláé. Lóòótọ́, ti ojú irin tuntun Èkó sí Ìbàdàn, tí wọ́n ṣí ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹfà 2021, bá tiwọn dọ́gba. Ṣùgbọ́n dísù ni wọ́n ṣe é fún. Níbo lẹ ti máa bu omi? Ta ló máa ko èédú?

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ wò ni Gúúsù Áfíríkà. Tiwọn náà 1,067 ni. Rohan Vos dá Rovos Rail sílẹ̀ ní Pretoria ní 1989; kóòṣì àtijọ́ ló kó jọ, ó tún wọn ṣe ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó sì fi wọ́n ṣe ilé ìtura tó ń rìn. Dísù àti ẹ́ńjìnì oníná ló ń fa púpọ̀ nínú ìrìn wọn, àwọn èrò wọn sì ń san owó gọbọi síbẹ̀. Kóòṣì ni kí ẹ̀yin náà fi bẹ̀rẹ̀, kí ẹ fi dísù fà á. Ẹ gbé ọ̀rọ̀ eléèéfín tì ná.

Ẹ kọ́kọ́ lọ sí Jaekel House nínú ọgbà rélùwéè ní Èbúté-Mẹ́ta. Ilé ọdún 1898 ni. Legacy 1995, ẹgbẹ́ tó ń tọ́jú ilé àtijọ́, ló tún un ṣe, tí wọ́n sì kó ohun ìrántí rélùwéè wa sínú rẹ̀. Wọ́n mọ irú làálàá tí ẹ fẹ́ wọ̀ yìí. Tí ẹ bá wá rí kóòṣì kan níbikíbi tí ẹ rò pé ó ṣì lẹ́mìí, ẹ má ya fọ́tò ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi. Ọ̀dà máa ń tan ni. Ẹ wá ọmọ kan kó dùbúlẹ̀, kó ya abẹ́ rẹ̀, níbi tí férémù ti jókòó lé ẹsẹ̀, àti lábẹ́ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ rẹ̀. Àwọn ibẹ̀ yẹn ló máa ń kọ́kọ́ dógùn-ún. Tí irin ibẹ̀ bá ṣì nípọn, mo ti ṣe tán láti wá sílé wá wò ó fúnra mi.